Ohùn Wà Nínú Omi: Ta Ni Yóò Gbọ́ Ọ?

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ohùn yín máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà lórí àga ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Àwọn ará Ọ̀jọ́, àti àwọn aládùúgbò wọn ní Ìbà àti Okokomaiko, ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀sà, òkun kò sì jìnnà sí wọn. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ojú wo omi, wọ́n mọ bí a ti ń fi àjẹ̀ àti àwọ̀n bá a lò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ bí a ti ń gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ omi, àti bí a ti ń mọ ibi pàtó tí ohùn kan ti ń wá níbẹ̀, ìmọ̀ yìí kò tíì di ohun tí à ń kọ́ ọmọ wọn ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń lò ó fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Sónà ni wọ́n ń pè é. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí ìmọ̀ náà ní ilé ní Ọ̀jọ́, kí ọkọ̀ mìíràn tó tún rì.

Kí ẹnikẹ́ni tó wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìyí, pé kò kan ará ọjà, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ọdún 2013. Ní ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Jascon 4, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára tí ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá, dojú dé nínú òkun ní ìta Escravos, ó sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó nǹkan bí 30 mítà. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ wọ inú omi tọ̀ ọ́ lọ, òkú ni wọ́n wá gbé. Kò sí ẹni tí ó lérò pé ẹ̀mí kan ṣì kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alásè ọkọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Harrison Okene, wà láàyè nínú òkùnkùn biribiri, ní ibi kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí, tí omi tútù sì yí i ká. Nǹkan bí 60 wákàtí ni ó lò níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí nǹkan ń lu ara ọkọ̀ náà. Ni òun náà bá wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ó fi ń kan ògiri ọkọ̀, bóyá ẹnìkan yóò gbọ́. Nígbà tí òmùwẹ̀ kan rí ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, òkú ni ó rò pé ó rí, àfi ìgbà tí ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Irin tí a bá kàn mọ́ irin lábẹ́ omi, ohùn rẹ̀ a máa lọ jìnnà. Bí a bá sọ ẹ̀rọ agbóhùn sínú omi lẹ́bàá ọkọ̀ tí ó rì ní ọjọ́ kìíní gan-an, tí a sì pa gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó wà nítòsí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a lè dẹ etí, ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ ẹni tí ń kan ògiri láti inú. A kò fi èyí bú àwọn òmùwẹ̀ ọjọ́ náà; iṣẹ́ akin ni wọ́n ṣe, àwọn ni wọ́n sì gba ọkùnrin náà là. Ohun tí à ń wí ni pé ojú kò lè rí inú ọkọ̀ tí ó dojú dé, fìtílà kò lè tàn wọ inú irin, ṣùgbọ́n ohùn ń ti inú rẹ̀ jáde wá. Ní ọ̀sà tiwa, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé omi ọ̀sà a máa rú ní ìgbà òjò tó bẹ́ẹ̀ tí òmùwẹ̀ kò fi ní í rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi ń táràrá kiri. Ìdílé ẹni tí ó sọnù a sì dúró ní etí omi, wọn a máa sunkún, wọn a máa ka wákàtí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí náà a ó dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti wẹ̀ ní etí omi Ọ̀jọ́ rí yóò sọ fún yín pé bí òun bá mòòkùn, òun a máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ketekete, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ jìnnà. Ẹ bi í léèrè pé apá ibo ni ọkọ̀ náà wà. Kò ní í lè sọ. Yóò dà bí ẹni pé ohùn náà wà níbi gbogbo, tàbí pé inú orí òun gan-an ni ó ti ń dún. Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú omi, nǹkan bí 1,500 mítà ni, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Bí a bá lu agogo ní apá ọ̀tún wa lórí ilẹ̀, ohùn rẹ̀ a kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún, kí ó tó dé etí òsì. Ìyàtọ̀ kékeré yìí, tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ni ọpọlọ wa fi ń mọ̀ pé ọ̀tún ni agogo wà. Lábẹ́ omi, eré ohùn pọ̀ jù, ìyàtọ̀ náà a kéré jù fún ọpọlọ láti mú, a sì di adití sí ọ̀nà bí a kò tilẹ̀ di adití sí ohùn. Ewu ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà: wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò yà sí.

Oògùn rẹ̀ ni kí a ya etí méjèèjì sọ́tọ̀ kí wọ́n jìnnà sí ara wọn. Bí a bá ri ẹ̀rọ agbóhùn méjì sínú omi, tí 15 mítà wà láàrin wọn, ohùn tí ó ti apá kan wá tààrà yóò lo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá láti dé ti èkejì lẹ́yìn tí ó ti dé ti àkọ́kọ́. Bí ohùn náà bá ti iwájú gan-an wá, yóò dé ọ̀dọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láàrin òpin méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀nà yòókù wà, aago tí ó péye yóò sì fi wọ́n hàn. Ẹ̀rọ méjì á fi ọ̀nà hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ohùn ti jìnnà tó. Ẹ jẹ́ kí a tún ri méjì mìíràn sí ìhà kejì ọ̀sà. Kí olùkọ́ fa ìlà kan láti ibí, kí ó fa òmíràn láti ọ̀hún lórí pátákó dúdú, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ohùn náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama tí ó bá mọ jẹ́ómẹ́tìrì díẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí. Èyí ni oríṣi sónà kìíní: ti ẹni tí ó dákẹ́ tí ó ń dẹ etí.

Oríṣi kejì ni ti ẹni tí ó ké tí ó sì ń retí gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ náà a rán ohùn ṣóńṣó kan jáde, ohùn náà a lọ, a kọlu nǹkan, a sì padà. Bí ìṣẹ́jú-àáyá kan bá kọjá kí ó tó padà, ohun tí ó kọlù wà ní 750 mítà sí wa, nítorí pé àlọ àti àbọ̀ ni ó fi 1,500 mítà rìn. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ń fi ohùn gbá ìsàlẹ̀ omi lọ́tùn-ún àti lósì bí a ti ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, yóò ya àwòrán ohun tí ó sùn síbẹ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe ara ènìyàn.

Kí a má sì ṣe rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan nìyí. Àwọn apẹja kan wà ní etíkun Ghana tí wọn a máa ki àjẹ̀ bọ omi, tí wọn a fi etí lé ìdí rẹ̀, tí wọn a sì máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí wọn yóò fi mọ apá ibi tí ẹja ti ń ké. Ẹja ń ké ní tòótọ́. Ẹja àpò, tí ìyàwó ilé kankan ní Ọ̀jọ́ kò ní í ṣàì mọ̀ lórí àtẹ, iṣan kan wà ní ikùn rẹ̀ tí ó fi ń lu àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń lu ìlù. Ohùn náà ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn apẹja Malaya pẹ̀lú ní àwọn àgbà òmùwẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n mòòkùn, kí wọ́n gbọ́ ohùn agbo ẹja, kí wọ́n sì sọ ibi tí a ó ju àwọ̀n sí. Ìmọ̀ tí à ń wá yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn baba wa tí ń ṣe iṣẹ́ omi.

Ní ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ọdún 1826 ni Colladon àti Sturm lu agogo lábẹ́ omi adágún Geneva, tí wọ́n sì fi fèrè gígùn kan dẹ etí sí i láti inú ọkọ̀ tí ó jìnnà ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, kí wọ́n lè wọn eré ohùn. Ìjàǹbá ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Lẹ́yìn tí Titanic kọlu òkè yìnyín tí ó sì rì ní 1912, àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ pé yìnyín wà níwájú nínú òkùnkùn; Fessenden, ọmọ Kánádà, sì gbọ́ gbohùngbohùn láti ara òkè yìnyín ní 1914. Ogun àgbáyé kìíní kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, nítorí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì. Langevin ní ilẹ̀ Faransé sì fi òkúta kan tí à ń pè ní quartz ṣe ẹ̀rọ tí ó ń sọ iná mànàmáná di ohùn, tí ó sì ń sọ ohùn padà di iná mànàmáná.

Àwọn kan lè rò pé ogun òyìnbó ni ìyẹn, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé. Nígbà ogun Hitler, ní oṣù Karùn-ún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì kan, U-69, yọ́ wá sí ìta èbúté Èkó, ó sì dẹ àdó olóró sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Takoradi pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún náà, ọkọ̀ tí ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, Robert Hughes, kọlu ọ̀kan nínú àwọn àdó náà ní ìta Èkó, ó sì rì. Ọ̀tá wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ṣe ohun tí ó fẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀, nítorí pé ní ìgbà àlàáfíà yìí gan-an ni omi ń gba àwọn ènìyàn wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, ọdún 2000, bàálù Kenya Airways tí ó gbéra ní Abidjan, tí ó ń bọ̀ wá sí Èkó, já sínú òkun kété lẹ́yìn tí ó kúrò nílẹ̀. Ènìyàn 169 kú, 10 péré ni ó yè. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, 2015, hẹlikópítà Bristow tí ó gbé ènìyàn 12 já sínú ọ̀sà ní Oworonshoki, àárín ìlú Èkó níhìn-ín. Mẹ́fà nínú wọn kú. Gbogbo bàálù ńlá ni ó ní àpótí kan tí ń gba àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀, a sì so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àpótí náà tí yóò máa ké lábẹ́ omi bí ó bá rì. Ohùn rẹ̀ ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè gbọ́ ọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni a ṣe é láti fi ké tẹ́lẹ̀, kí a tó sọ ọ́ di 90 ọjọ́. Ìdí tí a fi fi kún un ni bàálù Air France tí ó já sínú òkun láàrin Brazil àti Áfíríkà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, 2009, pẹ̀lú ènìyàn 228. A wá ohùn náà títí, a kò gbọ́ ọ. Ó di oṣù Kẹrin 2011 kí ẹ̀rọ sónà, tí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ gbé lọ sí ìjìnlẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 3,900 mítà, tó ya àwòrán àfọ́kù rẹ̀.

Bákan náà ni ti ọkọ̀ abẹ́ omi ti Argentina, San Juan, tí ó sọnù pẹ̀lú ènìyàn 44 ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, 2017. Ilé ìdẹtí kan wà ní erékùṣù Ascension, nínú òkun Atlantic yìí kan náà tí ń fọ́ sí etíkun wa, òmíràn sì wà ní Crozet nínú òkun India. Àjọ tí ń ṣọ́ ayé nítorí bọ́m̀bù átọ́míìkì ni ó ni méjèèjì. Ibùdó méjèèjì gbọ́ ohùn kan ní ọjọ́ náà láti ọ̀nà tí ó jìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, a sì fi ìyàtọ̀ àkókò tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn ṣe ìṣirò ibi tí ó ti wá. Nígbà tí a rí ọkọ̀ náà ní oṣù Kọkànlá ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nínú omi tí ó jìn tó 900 mítà, ìṣirò náà wà lára ohun tí ó darí àwọn tí ó wá a. Ìlà méjì tí olùkọ́ fà lórí pátákó dúdú náà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé pátákó ti ibẹ̀ fẹ̀ tó òkun.

A gbọ́dọ̀ fi òótọ́ kún un pé etí tí a kò kọ́ lè tan ènìyàn jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ Titan sọnù ní ibi tí Titanic rì sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 2023, àwọn bàálù tí ń wá a gbọ́ ohun tí ó dà bí ìkànlẹ̀kùn, gbogbo ayé sì ń retí pé àwọn márààrún inú rẹ̀ wà láàyè. Wọn kò sí láàyè. Ọkọ̀ náà ti fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ ogun orí omi ti Amẹ́ríkà sì ti gbọ́ ohun tí ó jọ ìfọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó sọnù gan-an. Nínú òkun, igi ń kan igi, ẹja ń ké, ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ ń dún. Ẹni tí yóò sọ pé ohùn kan jẹ́ ti ènìyàn gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ẹgbẹ̀rún ohùn tí kì í ṣe ti ènìyàn.

Nítorí náà ni a fi ń dárúkọ Ọ̀jọ́. Ọ̀sà kì í ṣe òkun. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́n ní òkun jíjìn lè di òmùgọ̀ nínú omi tí kò jìn. Ohùn a kọlu ìsàlẹ̀, a kọlu ojú omi, a kọlu etí bèbè, gbohùngbohùn a sì bo gbohùngbohùn mọ́lẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a wọ inú ọ̀sà. Ní ìgbà òjò, omi odò a lé e jáde, iyọ̀ àti ooru omi sì wà lára ohun tí ń yí eré ohùn padà. Ẹ fi ariwo àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Ìrèwè àti àwọn ìletò etí omi kún un, ẹ fi ti àwọn ọkọ̀ tí ń gbẹ́ yanrìn kún un. Kò sí ìwé tí a kọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà tí yóò sọ fún wa bí ọ̀sà Ọ̀jọ́ ti ń dún ní oṣù Kẹfà àti bí ó ti ń dún ní oṣù Kejìlá. Àwa fúnra wa ni yóò lọ gbọ́ ọ, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ta ni ó sì yẹ kí ó ṣe é bí kò ṣe Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó sì fi Ọ̀jọ́ ṣe ibùjókòó? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún Ìbà àti Okokomaiko. Ó ní àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ó ní àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja. Kí àwọn méjèèjì jókòó sí ìdí iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n gba ohùn inú ọ̀sà sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ọ̀sán àti òru, kí wọ́n sì mú àwọn àgbà apẹja mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Kí wọ́n má ṣe pè wọ́n ní ẹlẹ́rù tàbí awakọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Apẹja tí ó ti lo ogójì ọdún lórí omi mọ ohun tí ìwé kò tíì kọ, ó sì yẹ kí a sanwó ìmọ̀ rẹ̀ fún un. Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Òkun ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Victoria Island láti 1975; kí òun náà na ọwọ́ sí wọn. Àwọn ọmọ ogun orí omi wa ní ọkọ̀ NNS Lana, tí a kàn ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì dé Èkó ní 2021 láti máa fi ohùn wọn ìsàlẹ̀ omi. Kò sí àṣírí ogun kan tí yóò tú bí ọ̀gá inú rẹ̀ bá fi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì agbègbè Ọ̀jọ́.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí yóò sọ pé ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti ẹ̀rọ inú omi? Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀rọ náà kò wọ́n bí wọ́n ti rò. Awo pẹlẹbẹ kékeré tí ń mú kí aago máa ké láàárọ̀, irú rẹ̀ náà ni a fi ń ṣe ẹ̀rọ agbóhùn inú omi: bí a bá fún un ní iná, a ké, bí ohùn bá lù ú, a fún wa ní iná. Bí a bá so wáyà mọ́ ọn, tí a sì fi ohun tí omi kò lè wọ̀ bò ó dáadáa, ó ti di etí. Ọjà Alaba wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tú rédíò àti tẹlifíṣàn palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà lójoojúmọ́ wà níbẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Alaba, tí àwọn ọmọ Alaba sì gòkè wá sí yunifásítì, nǹkan tí yóò jáde nínú ìpàdé náà lè yà wá lẹ́nu. Ní tiwa, a gbà pé àìsí ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń pa wá lára ju àìsí owó lọ.

Ìbẹ̀rù kan wà tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ tì, nítorí pé àwọn apẹja ló ni ín. Wọ́n ń wí pé àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá ti ní ẹ̀rọ tí ń fi agbo ẹja hàn wọ́n lábẹ́ omi. Ṣé kí a tún wá kọ́ gbogbo ènìyàn, kí ẹja tán pátápátá? Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ wọn. Òfin ẹja pípa inú òkun ti 1992 kò gba ọkọ̀ ńlá láàyè láti fa àwọ̀n ní máìlì 5 àkọ́kọ́ sí etíkun. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú ní òru. Ẹ jẹ́ kí a fi etí fún un. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá ní ohùn tirẹ̀ tí kò jọ ti ọkọ̀ kékeré, bí ohùn rẹ̀ bá sì dé etí ẹ̀rọ tí a rì sí ààlà náà, a ó mọ̀ pé olè ti wọlé, a ó sì mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀rọ tí ń dẹ etí kò pa ẹja kankan lára. Èyí tí ń ké ni kí a ṣọ́ra fún, nítorí pé ní oṣù Kẹta ọdún 2000, àwọn àbùùbùtán sá gun ilẹ̀ ní Bahamas lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lo sónà alágbára nítòsí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Èyí tí a lè lò nínú ọ̀sà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a mọ̀ ọ́n.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò ṣòro. Kí èbúté Ọ̀jọ́ ní ibùdó ìgbanilà kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi, kí ó ní ẹ̀rọ agbóhùn mẹ́rin ó kéré tán, kí àwọn tí yóò lò ó sì jẹ́ ọmọ etí omi tí a ti kọ́ dáadáa. Bí ìjọba bá ti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbikíbi ní Èkó, kí ó sọ fún aráàlú ibi tí ó wà àti wákàtí mélòó tí yóò gbà á láti dé Ọ̀jọ́. Kí ó di òfin pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó wà nítòsí yóò pa fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí a lè dẹ etí. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ kò sì ní láti dúró de ìjọba. Kí ẹ fi òkúta méjì kan ara wọn nínú agbada omi, kí ọmọ kan fi etí lé ara agbada náà, kí òmíràn dúró lókè, kí àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá há sínú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo, kí ó wá irin, kí ó máa kàn án lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó dákẹ́, kí ó tún kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá wá sí wọ́ọ̀dù yín. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, alága ti Ìbà, ọ̀gá àgbà yunifásítì àti àwọn olórí apẹja jókòó pọ̀ kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ìpàdé náà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní èbúté gan-an ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ èrò máa dún sí wọn létí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.